Òjò Dákẹ́ ní Àgbádárìgì, Odò Ògùn sì Ń Kún

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Àgbádárìgì, mo sì ní oko kékeré kan lápá Ọ̀fàdà, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sódò Ògùn. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí òjò gidi ti rọ̀ kẹ́yìn níbí. Òtútù ló kù, oòrùn ò sì yọ dáadáa. Fóònù mi ń fi òjò hàn mí lójoojúmọ́, n ò sì rí i. Ọkùnrin tó ń bá mi wo oko pè lánàá pé odò ti ń gùnkè, pé ó ti dé ìdí ọ̀pẹ tí a máa ń so ọkọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn náà. Ìyá mi ní Ìsẹ́yìn wá ní òjò ò jẹ́ kí àwọn rí èlùbọ́ sá. Mo fẹ́ gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì, ti àkọ́kọ́ sì wà nílẹ̀ tí kò tíì gbẹ. Ṣé ẹ̀ẹ̀rùn ló fẹ́ tètè dé ni? Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú fóònù, ìyá mi àti ọkùnrin oko?”

Àbúrò mi, nínú àwọn mẹ́ta tí ẹ dárúkọ, kò sí òpùrọ́ níbẹ̀. Ìyá yín ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí Ìsẹ́yìn, ọkùnrin oko ń sọ ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ ìyá yín bọ̀, fóònù sì ń sọ ohun tó rò pé ó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ ni pé ẹ ń wo ojú ọ̀run Àgbádárìgì, ẹ wá ń fi dájọ́ fún ilẹ̀ tó jẹ́ pé omi tó ń dé ibẹ̀ kì í ti orí yín wá. Lọ́dọọdún, bí oṣù Ògún bá ti tó ìdajì, irú ìbéèrè yín máa ń dé ọ̀dọ̀ mi lóríṣiríṣi. Ẹnì kan á fẹ́ da kọnkéré, ẹlòmíì á fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní gbangba, gbogbo wọn á sì máa wo òkè orí ara wọn. Ti yín tiẹ̀ dáa, torí ẹ ní ẹni mẹ́ta níbi mẹ́ta. Ẹ̀rọ kan ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kúrò nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ló ń bọ̀. Ohun tí ẹ ń rí ni ìsinmi tí òjò máa ń gbà láàárín ìgbà òjò, èyí tí ẹ̀yin tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ ní August break. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Agẹmọ, á gba inú oṣù Ògún kọjá, á sì tú ká ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, òjò ò ní dá pátápátá, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á lọ. Ilé ìdáná yín ni ẹ ti lè rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ẹ̀ẹ̀rùn gidi. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni, ètè yín ì bá ti máa là, gààrí ì bá sì máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú ike. Ẹ lọ wo iyọ̀ yín báyìí. Ó ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ó ń sun omi. Aṣọ tí ẹ sá láti àná ò gbẹ, ó ti ń rùn. Afẹ́fẹ́ tó yí yín ká kún fún omi débi pé kò ráyè gba ti ara aṣọ yín mọ́. Nítorí náà, omi ò wọ́n lójú ọ̀run lóṣù yìí rárá. Ohun tó wọ́n ni ohun tí yóò gbé omi náà gòkè.

Ẹ fojú inú wo ìkòkò tó kún dẹ́nu, tí wọ́n gbé ka orí ààrò, tí iná abẹ́ rẹ̀ sì ti kú. Omi wà, kò sì lè hó. Òjò ńlá tiwa, èyí tó ń fi ìjì àti àrá wọlé lóṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, omi tó ń hó ni. Oòrùn á mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin á gbéra sókè, á dé ibi tó tutù gan-an lókè lọ́hùn-ún, á di àwọsánmà gàgàrà tó dà bí òkè tó gun òkè, á sì tú dà sílẹ̀. Lóṣù Ògún, nǹkan méjì ló ń pa iná yẹn létí òkun wa.

Òkun fúnra rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, omi tútù láti inú ibú máa ń ru sókè létí òkun Gáánà àti Ivory Coast. Ojú omi níbẹ̀ á wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ dígírì 25, bẹ́ẹ̀ ó máa ń tó 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù kẹta. Àwọn apẹja Gáánà ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ èyí fún wọn, torí ìgbà yẹn gan-an ni ẹja ṣáwá máa ń ya wá sí etí òkun wọn, nítorí oúnjẹ tí omi tútù yẹn ń gbé bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ní gúúsù ayé lọ́hùn-ún náà, ìgbà òtútù ni wọ́n wà. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ọ̀hún fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa lágbára, ó tutù, ó sì wúwo, bó bá tún gba orí omi tútù kọjá, á tutù sí i. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ gòkè. Á kàn rọra wọ́ wọlé láti òkun ni, á di àwọsánmà pẹlẹbẹ tó bo ojú ọ̀run bí aṣọ òkè aláwọ̀ eérú, oòrùn ò ní ráyè rí ilẹ̀, ilẹ̀ náà ò sì ní gbóná. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán oṣù Ògún fi wà lára èyí tó tutù jù lọ́dún ní Èkó, nǹkan bíi dígírì 28, nígbà tí ti oṣù kejì àti ìkẹta máa ń tó 32 tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìkejì ni ibi tí òjò náà kó lọ. Lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ààlà kan wà tí afẹ́fẹ́ òkun àti afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ti ń pàdé, ààlà yìí sì ń tẹ̀ lé oòrùn kiri. Nínú ọyẹ́, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀bá òkun wa níbí. Lóṣù Ògún, ó ti gòkè kọjá Nàìjíríà, ó ti wọ etí aṣálẹ̀ Sàhárà ní orílẹ̀-èdè Niger. Òjò ńlá kì í rọ̀ lójú ààlà yẹn gan-an. Gúúsù rẹ̀ ló ti máa ń rọ̀, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sẹ́yìn. Bí ààlà bá ti wà ní Niger, Kánò àti Ṣókótó ni òjò ń nà. Oṣù Ògún ni òjò pọ̀ jù ní Kánò, òun náà sì ni Èkó fi ń sinmi. Òjò kan náà ni, tó rìnrìn àjò. Nígbà tó ń lọ, ó gba orí yín kọjá lóṣù kẹfà. Nígbà tó bá ń bọ̀, á tún gba orí yín lóṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Àárín àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ lẹ wà yìí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọn òjò fún ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lè sọ fún yín pé kò sí oṣù tó ń fi wá ṣẹ̀sín ní ibùdó wa létí òkun bí oṣù Ògún. Láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì dé ìdí agolo tí a fi ń gbe òjò, kò ju ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ kí n tó débẹ̀ èjìká mi á ti rin gbingbin. Màá ṣí agolo, màá da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ìgò ìwọ̀n, màá gbé ìgò náà sókè sí ojú mi. Omi ò ní dé àmì àkọ́kọ́. Ẹ̀kán omi mẹ́ta péré lá máa sá kiri ní ìdí ìgò. Lẹ́tà méjì la máa ń kọ sínú ìwé fún irú rẹ̀, “tr”, ìyẹn ni pé òjò wá, ṣùgbọ́n kò ṣeé wọ̀n. Mo ti rí ọ̀sẹ̀ odindi tí ojú ìwé mi kún fún “tr” láti òkè délẹ̀. Ọ̀gá mi nígbà náà a máa ní òjò oṣù Ògún kàn ń kí èèyàn ni, kò mú nǹkan kan dání. Ẹni tó bá sì ti bá wọn ṣe ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo rí mọ̀ pé oṣù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi agboòrùn sílẹ̀ nílé. Òjò winniwinni á pa yín, àgbàdo yín ò sì ní rí i mu. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní òjò ò sí lóṣù Ògún, ẹ béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún bóyá ti ẹni tó ń rìn lọ́nà ló ń sọ ni tàbí ti gbòǹgbò inú ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí mo ń sọ bọ̀, ti etí òkun ni. Bí ẹ bá ti Àgbádárìgì gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Kútọnu, títí dé Lòmé, ìsinmi yẹn á máa le sí i ni, débi pé òjò tí Lòmé ń rí lóṣù Ògún kéré gan-an. Bí ẹ bá kọjú sí ìlà-oòrùn, tí ẹ dé Kàlàbá, ẹ ò fẹ́ẹ̀ ní mọ̀ pé ohun kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wá fi òkun sẹ́yìn tí ẹ ń gòkè, ìsinmi náà á máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ní Èkó, òjò oṣù kẹfà nìkan máa ń lé ní mìlímítà 300 lọ́dún tó dáa, nígbà tí ti oṣù Ògún sábà máa ń wà nísàlẹ̀ 100. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ń rí ìsinmi náà kedere, Ìsẹ́yìn ń rí díẹ̀ lára rẹ̀, kí ẹ sì tó dé Ṣakí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ní apá ibẹ̀, ńṣe ni òjò ń pọ̀ sí i wọ inú oṣù kẹsàn-án. Nítorí náà, kò sí àbùmọ́ nínú ọ̀rọ̀ èlùbọ́ ìyá yín. Afẹ́fẹ́ kan náà tó ń wọ́ nílẹ̀ lórí yín láìlágbára ló ń gbóná bó ṣe ń rìn lọ sókè, tó ń bọ́ lọ́wọ́ ìtutù òkun, tó sì wá ń rí iná tí yóò fi hó. Omi tí kò rọ̀ ní Àgbádárìgì, Òkè-Ògùn ló ti ń rọ̀.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ odò ti wọlé, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Ẹ má ṣi àmì orí rẹ̀ gbé o: Ògún ni oṣù, Ògùn ni odò, odò Yemọja. Odò Ògùn ò mọ̀ pé etí òkun ń sinmi. Lápá Ṣakí ló ti ṣẹ̀ wá, ó gba agbègbè Ìsẹ́yìn níbi tí dáàmù Ìkéré wà, odò Ọyán wá dà sínú rẹ̀ kó tó dé Abẹ́òkúta, ó sọ̀ kalẹ̀ gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, ó lọ sí Ìṣẹrì, ó sì tú sínú ọ̀sà Èkó. Òjò tó ń dí ìyá yín lọ́wọ́ lónìí, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, yóò wá kọjá níwájú oko yín láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan rọ̀ lórí oko náà. Ìyẹn ni ọkùnrin yín rí ní ìdí ọ̀pẹ. Bí òun náà bá ń sọ fún yín pé òun ò mọ ibi tí omi ti ń wá, òótọ́ ló sọ, torí kò sí ohun kan lójú ọ̀run ọ̀dọ̀ wọn tó lè sọ fún un.

Dáàmù Ọyán tún dá kún un. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí i, ó sì lè gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 270 mítà omi oníhà mẹ́ta. Omi mímu Èkó àti Abẹ́òkúta wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Ẹni tó ń ṣọ́ dáàmù ò lè jẹ́ kó kún bámú kí oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá tó dé, torí òjò àbọ̀ ń bọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ rí àyè tó máa gbà á sí. Torí náà, ó máa ń tú omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ṣáájú. Ó lè jẹ́ àsìkò tí òjò ò rọ̀ níbì kankan lẹ́bàá yín ni omi yẹn máa dé. Àwọn èèyàn máa ń bínú, wọ́n á ní ìjọba da omi lù wọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Mo mọ bó ṣe ń dunni, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá tú díẹ̀ lóṣù Ògún, rẹpẹtẹ ni wọ́n á tú nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí ilẹ̀ ti mu omi yó, tí òkun bá sì kún, tí ọ̀sà ò rí ibi da omi tirẹ̀ sí, odò á wá dúró sójú kan. Ẹ bi àwọn ará Ìṣẹrì, ará Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, àti àwọn tó ń tajà lápá Mile 12 pé oṣù wo ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi wọlé ara wọn. Ibi tí mo ti ń bá àwọn aláṣẹ jà ni pé ìkìlọ̀ wọn kì í tètè dé etí àgbẹ̀. Rédíò á sọ ọ́ lédè òyìnbó lọ́sàn-án, nígbà tí àgbẹ̀ wà lóko.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tó ń ba ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ yín jẹ́. Ìsinmi yìí kò ní májẹ̀mú pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ 31 oṣù Ògún 1980, ọjọ́ Àìkú, ni odò Ògùnpa ya wọ Ìbàdàn, tí ó pa èèyàn tó lé ní igba, tí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń pè é ní Omíyalé. Ọjọ́ 26 oṣù Ògún 2011, ọjọ́ Ẹtì, òjò tó lé ní mìlímítà 180 rọ̀ sórí Ìbàdàn kan náà láàárín wákàtí díẹ̀. Ìyẹn ju ohun tí odindi oṣù Ògún sábà máa ń mú wá níbẹ̀ lọ. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún bá a lọ, afárá wó, omi sì kọjá orí dáàmù Ẹlẹ́yẹlé. Ẹ wo ọjọ́ méjèèjì dáadáa, àárín ìsinmi tí à ń wí gan-an ni wọ́n bọ́ sí. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀wọ́ ìjì kan lè gbéra láti ìlà-oòrùn nígbà tí ẹnikẹ́ni ò retí rẹ̀, kó sì bá gbogbo omi tó wà lójú ọ̀run tí kò rẹ́ni gbé e. Ó kàn nílò ẹni tó máa ṣáná sí abẹ́ ìkòkò ni. Lọ́dún tí òkun wa bá sì kọ̀ tí kò tutù bó ṣe yẹ, ìsinmi náà á yẹpẹrẹ, òjò á máa rọ̀ létí òkun bí ẹni pé oṣù kẹfà ò tíì lọ, àríwá á sì máa ké pé tàwọn kò tó.

Fóònù yín ńkọ́? Kò ní ojú tó fi ń rí Àgbádárìgì. Ohun tó ń ṣe ni pé kọ̀ǹpútà ńlá kan nílẹ̀ òkèèrè pín gbogbo ayé sí onígun mẹ́rin kéékèèké, tí ìhà kan lè tó kìlómítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń ṣírò ohun tí afẹ́fẹ́ máa ṣe nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Onígun mẹ́rin tí ẹ wà nínú rẹ̀, òkun lè kó apá kan, kí ọ̀sà kó apá kan, kí ilẹ̀ kó èyí tó kù. Bí ó bá ti rí afẹ́fẹ́ tó kún fún omi báyìí, ó máa ń yára kọ òjò síbẹ̀, kì í sì í yà á sọ́tọ̀ fún yín bóyá ti “tr” tèmi ni àbí ti Omíyalé. Àmì àwọsánmà kan náà ló ń yà fún méjèèjì. Bí ó bá sì kọ 60%, kò sọ pé òjò máa fi ọ̀pọ̀ wákàtí rọ̀ o. Ohun tó ń sọ ni pé nínú ọjọ́ mẹ́wàá tó bá rí báyìí, òjò á kan yín ní mẹ́fà, bó tiẹ̀ jẹ́ ìwọ̀nba èyí tó ń ta sójú. Ẹ má wo àmì rẹ̀ rárá lóṣù yìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọnú, ẹ wo iye mìlímítà tó kọ. Bí kò bá ju ọ̀kan sí méjì lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá kọ 20 tàbí 30, tí ó sì kọ ọ́ fún ọjọ́ méjì tẹ̀ lé ara wọn, ẹ dìde jókòó.

Ó wá kan àgbàdo. Ní ìhà tiwa, láti ìdajì oṣù Ògún dé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án la fi ń gbin ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìdí rẹ̀ ò sì ju ìṣirò lọ. Àgbàdo tó ń gbó ní nǹkan bíi 95 ọjọ́ máa ń yọmọ ní nǹkan bíi ọjọ́ 55, àsìkò yẹn sì ni òǹgbẹ lè pa á jù. Bí ẹ bá gbìn ín ní ọjọ́ 25 oṣù Ògún, yóò yọmọ ní nǹkan bí ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò àbọ̀ ṣì wà dáadáa. Oṣù Ọ̀wàrà kúkú ni, orúkọ rẹ̀ jọ ọ̀wààrà òjò. Bí ẹ bá dúró di ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án nítorí ẹ fẹ́ kí òjò dúró dáadáa ná, ìdajì oṣù kọkànlá ni yóò yọmọ, àrọ̀kúrọ̀ òjò nìkan ni yóò sì bá. Àgbàdo tí a bá pẹ́ gbìn náà ni kòkòrò tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ wa ní 2016, èyí tó ń wọ ọkàn ewé, fẹ́ràn jù, torí òjò ńlá tó yẹ kó máa fọ̀ ọ́ kúrò nínú ewé ti ń lọ. Nítorí náà, ìdúró pẹ́ léwu ju ìyára lọ lọ́dọ̀ tèmi.

Àmọ́ ẹ má gbìn ín lónìí náà. Ilẹ̀ tó tutù lójú lásán ń tan irúgbìn jẹ ni. Á hù, á sì kú. Kí ọkùnrin yín ki àdá bọ ilẹ̀, kó fà á yọ, kó wo ibi tí ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn dé. Bí kò bá tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ dúró de òjò gidi kan. Bó bá ti rọ̀, ẹ gbin ìdajì. Ẹ dá ìdajì tó kù dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí òjò tó bá tún dákẹ́ má baà kó gbogbo ẹ̀ lọ. Mo ń sọ ti ilẹ̀ gíga nìkan o. Àkùrọ̀ tó sún mọ́ odò yẹn, ẹ gbójú kúrò lára rẹ̀ fún àgbàdo báyìí, bó ti wù kó lọ́ràá tó. Ọjọ́ mélòó kan péré tí omi bá fi bo gbòǹgbò àgbàdo, ó parí. Ìrẹsì lè fara dà á, ẹ̀yin ará Ọ̀fàdà ló yẹ kó kọ́ mi níyẹn. Bí omi bá ti fà ní oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá, ẹ lọ fi àkùrọ̀ náà ṣe ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn. Owó tí ẹ máa rí níbẹ̀ nígbà náà lè ju ti ilẹ̀ gíga lọ.

Èyí tó wà nílẹ̀ tí kò tíì gbẹ ń bà mí lẹ́rù ju ohun tí ẹ fẹ́ gbìn lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìsinmi òjò jẹ́ àsìkò sísá nǹkan, bẹ́ẹ̀ ojú oòrùn ò là tó. Àgbàdo tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó nínú afẹ́fẹ́ báyìí á bu láti inú, oró tó wà nínú irú èébu yẹn kì í sì í bá sísè lọ. Ẹ má kó o sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ so ó rọ̀ sókè ààrò níbi tí èéfín àti ooru ti ń kàn án, tàbí kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́, kódà bí ẹ bá ní láti sanwó. Kí ẹ tó rọ ọ́ sápò, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìgò gbígbẹ, ẹ bu iyọ̀ tó gbẹ dáadáa sí i (ẹ yan án lórí iná ná, ẹ rántí ti ilé ìdáná yín), ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ.

Ẹ fẹ́ mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ń bọ̀ máa jọ. Ní Àgbádárìgì, ó ṣeé ṣe kí ó wà bó ṣe wà yìí títí dé ìparí oṣù: òtútù, àwọsánmà, òjò tó ń kí èèyàn. Lápá Ọ̀fàdà, oòrùn á yọ ju tiyín lọ, kùrukùru á máa bo àfonífojì láàárọ̀, òjò kan tàbí méjì tó dùn mọ́ni sì lè rọ̀ láàárín. Odò á máa gùnkè, á sì tún máa wálẹ̀ díẹ̀. Nínú oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló máa kún jù. N ò lè sọ ọjọ́ tí wọ́n máa tú omi Ọyán fún yín, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè sọ ọ́ láìjẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Àjọ tó ń mójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ní ọ́fíìsì ní Abẹ́òkúta, kí ọkùnrin yín lọ gba nọ́ńbà fóònù ẹni tó wà nídìí rẹ̀. NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń wo ojú ọjọ́, sì máa ń sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún bí ìsinmi náà ṣe máa le tó ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbà á gẹ́gẹ́ bí ìtọ́nà, torí èmi náà ti wà nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo mọ bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ń yẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Bí ìsinmi bá fẹ́ parí, ẹ ò nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ ọ́n. Oòrùn àárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín lára. Ooru á padà sínú yàrá lóru. Lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀ẹ́ gbọ́ àrá láti ìlà-oòrùn. Lóṣù Ògún, ìhà òkun ni òjò ti ń rọra wọlé láìsọ̀rọ̀. Èyí tó bá ti ìhà Ìjẹ̀bú ṣú wá, tó kọ́kọ́ rán afẹ́fẹ́ tútù ṣáájú tó ń gbé páànù, òjò àbọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, kí irúgbìn tó kù ti wà nínú ilẹ̀. Kí ọkùnrin yín fi àdá gé àmì sí ara ọ̀pẹ yẹn lónìí, ní ibi tí omi dé, kó tún gé òmíràn ní ìwọ̀n apá kan sókè, kó sì máa pè yín láràárọ̀ pé omi ti dé ibo. Ẹ̀yin náà ẹ máa pe ìyá yín ní Ìsẹ́yìn ní alẹ́. Bí ìyá bá ní òjò pa èlùbọ́ àwọn fún ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, tí omi sì ti kọjá àmì òkè, ẹ má dúró de ìkìlọ̀ lórí rédíò. Ẹ ní kó kó àpò ajílẹ̀ àti ẹ̀rọ fífa omi kúrò nínú ahéré lọ sí òkè lọ́jọ́ náà.